Táyà Tí Kò Pariwo

Saimi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú táyà kan ní ṣọ́ọ̀bù fọganáísà, ó ń fi ìka tọ́ àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ tó yọ orí lára rẹ̀, èyí tó máa ń di omi dídì mú. Níta, ọ̀sán oṣù Kejìlá ti Inari, ìlú olótùútù tí oòrùn kì í yọ lásìkò náà, rọra tàn. Adágún, igi àti òrùlé, gbogbo wọn láwọ̀ aró, bí ẹni pé ayé kò tíì jí.

"Hẹ̀ẹ́! Oníṣó lo fẹ́ rà?" Otso, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Á kàn máa ha ilẹ̀ kiri bí adìẹ ni! Ọkọ̀ arúgbó ló ń lo ìyẹn. Wo èyí!"

Ó nàka sí táyà fífẹ̀ kan tó dúdú, tó ń dán, tí kò ní ìṣó rárá.

Pirkko tó ni ṣọ́ọ̀bù mi orí. "Ìlú tí òtútù wọn ò le ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Lórí omi dídì, á kàn máa yọ̀ ni. Kí ni màmá ẹ wí?"

"Wọ́n ní kí n mú oníṣó," Saimi fèsì wúyẹ́wúyẹ́.

Otso tún rẹ́rìn-ín. Ojú ti Saimi. "Ẹ bá mi de aláìníṣó."

Ìgbádùn ni lóòótọ́. Ọkọ̀ Saimi ń lọ láàárín igi láìdún, yìnyín ń bọ́ bí òwú, ó sì ń ṣe é bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú àlá.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ń gbé Hilja, ìyá ìyá rẹ̀, lọ kí àbúrò màmá àgbà náà. Níbi tí ọ̀nà ti yí lẹ́bàá adágún, afẹ́fẹ́ ti gbá yìnyín kúrò, omi dídì nìkan ló kù, ó ń dán bíi dígí. Àgbọ̀nrín mẹ́ta dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n.

Saimi tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ kò dá a lóhùn. Ó rọra ń yí, bí ewé lójú omi. Igi ń kọjá, ojú àgbọ̀nrín ń kọjá, ọwọ́ màmá àgbà nà síwájú. Òkìtì yìnyín gbà wọ́n mọ́ra, gbogbo nǹkan sì dákẹ́.

"Màmá àgbà?"

"Mo wà, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni..."

Ọrùn ọwọ́ wọn ti dá.

Ọjọ́ kejì, Saimi fúnra rẹ̀ lọ bá Pirkko pé kó de oníṣó. Láti ìgbà náà, kó tó lọ síléèwé, òun ló ń ya irun funfun gígùn màmá àgbà, torí pé ọwọ́ kan kò lè dirun.

"Ẹ dárí jì mí," ó wí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Mo mọ èyí tó yẹ kí n mú. Ẹ̀rín Otso ni mo sá fún."

"Ṣé Otso wà nínú ọkọ̀ nígbà tó ń yí?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀hẹ́n. Ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín kì í báni wọ kòtò."

Saimi gbé òòyà sílẹ̀. Ó ti wá yé e pé ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ létí ẹni, ṣùgbọ́n ohun tí a bá torí rẹ̀ yàn lè pẹ́ lára ẹlòmíràn. Ó pín irun náà sí mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, jẹ́jẹ́, kó má baà dùn wọ́n.