Ọkọ̀ Tó Ti Gbóná Kó Tó Dé Ẹnu Ọ̀nà

Oyèdélé kì í ra aago tó bá ṣì gbóná láti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tà á. Gbogbo ẹni tó ń ná ọjà ní New Market, nílùú Enúgu, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbé aago àlòkù wá bá a, yóò gbà á, yóò tẹ́ ẹ sórí tábìlì, yóò ní kó o padà wá lọ́la. "Aago tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára èèyàn máa ń ṣe ojú ayé," ni yóò wí. "Jẹ́ kó tutù ná, ká wá gbọ́ ohùn rẹ̀." Òfin yìí ló ti ń bọ́ ọ láti ìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tó fẹ́ Philomena, ọmọ ìlú Amechi lẹ́bàá Enúgu, tí Philomena sì bí Yéjídé fún un.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé kan, nígbà ọyẹ́ ọdún 1962, òfin aago kò jáde nílé rẹ̀ ní Ogui New Layout. Ọkọ̀ ni Oyèdélé ń retí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ tọrọ Philomena, kẹ̀kẹ́ ló gùn lọ sí Amechi. Màmá Obiageli, ìyá ọmọ, wo kẹ̀kẹ́, ó wo ọkùnrin náà, ó sì bi í bóyá orí irin iwájú ni yóò gbé ọmọ òun sí. Oyèdélé rẹ́rìn-ín. Ó ní màmá fúnra rẹ̀ ni òun yóò fi ọkọ̀ gbé lọ sí Nsukka lọ́jọ́ kan, láti lọ rí àbúrò rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìnrìn àjò mọ́. Màmá kò gbàgbé. Kì í gun lọ́rì, ó ní òun kì í ṣe iṣu. Gbogbo ìgbà tí Oyèdélé bá dé Amechi, kó tó béèrè àlàáfíà ilé, yóò bi í pé, "Ọgọ m, àna mi, ọkọ̀ wa ti dé?"

Ọkọ̀ ọ̀hún wá fẹ́ dé lóòótọ́. Olúdáìsí ló ń tà á, akọ̀wé ìjọba, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi ti Oyèdélé, tí wọ́n ń gbé lọ sí Kàdúná. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni, imú rẹ̀ gùn, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ. Ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin bíi ti ọkọ̀ olórí ìdílé, ṣùgbọ́n eré ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ: irú èyí tí òyìnbó ń fi díje lọ́jọ́ Sátidé, tí yóò tún fi gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kó tó kan Olúdáìsí.

Olúdáìsí mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n máa fẹsẹ̀ rìn wá wo ọjà lọ́dọ̀ àbúrò. Nítorí náà, nígbàkígbà tí Oyèdélé bá fẹ́ rí ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á wá. Bó bá ti dé, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí oyin nínú igi. Oyèdélé kò tíì rí ọkọ̀ náà nígbà tó tutù rí.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó múra láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ nígbà tí Bàdírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ìlọrin tó ní lọ́rì, kó àwọn èèyàn dé. Àṣà àwa Yorùbá Enúgu nígbà náà ni pé ọkọ̀ ẹnì kan, ọkọ̀ gbogbo wa ni. Àáfà ṣàdúrà, pásítọ̀ ṣàdúrà, wọ́n wọ́n omi sí táyà, ìrẹsì sì jáde láti ilé ìdáná Philomena. Nígbà tí gbogbo agboolé ṣe àmín, Oyèdélé rọra mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ta ni yóò máa tú ohun tí wọ́n ti ṣàdúrà sí wò, bí ẹni pé kò gbà á gbọ́? Bàdírù tó mọ ọkọ̀ pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Itan adìẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe san owó nìyẹn, tí wọ́n jó yí ọkọ̀ ká títí oòrùn fi mú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Àwọn aládùúgbò tì í. Nígbà tó dáhùn, èéfín funfun bo agboolé tó bẹ́ẹ̀ tí Philomena fi sáré jáde wò bóyá ilé ló ń jó. Oyèdélé ní ọyẹ́ ni.

Wọ́n gbé Màmá Obiageli ní Amechi. Ó ti wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ó gbé àkùkọ kan dání fún àbúrò rẹ̀. Wọ́n kọrin jáde ní ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Enúgu mọ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe ń gbabẹ̀ lọ sí Nsukka láìgun Òkè Milliken, ọ̀nà tó ń wé mọ́ ara òkè bí gèlè, tí ọ̀gbun wà lápá kan rẹ̀.

Wọn kò tíì gùn ún dé ìdajì tí omi gbígbóná fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nímú ọkọ̀. Agbára rẹ̀ já, ẹ́ńjìnnì kú. Oyèdélé tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé ilẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn.

"Papa, moto dey cry," ni Yéjídé wí láti ẹ̀yìn, pé ọkọ̀ ń sunkún.

Oyèdélé yí ìdí ọkọ̀ sí apá ibi tí òkè wà, ó sì fi gbá ògiri amọ̀ ara òkè. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa. Àkùkọ nìkan ló fò jáde lójú fèrèsé, tó gba inú ọ̀gbun lọ, tí a kò rí i mọ́. Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìró ró, ó sì fi èdè Igbo sọ pé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yẹn, bí wọ́n bá ní kó dúró, ó máa ń dúró.

Bàdírù ló fi lọ́rì fà wọ́n wálé. Nígbà tí ọkọ̀ tutù, ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó yí inú rẹ̀ sókè.

"Fi ìka kàn án."

"Ó dà bí ẹ̀kọ mímu," ni Oyèdélé wí.

"Omi ti ń bá ọ́ìlì pàdé nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Òun náà ni èéfín funfun tó ò ń pè ní ọyẹ́. Ká ní búlúù ni, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá gbóná, kò ní sọ fún ọ. Àárọ̀ kùtù ni kó o bá a lórí ìdúró, kó o fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnì kan ti jí i ṣáájú rẹ." Ó ká kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ awakọ̀, ó fi ìka kan ti irin tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tuntun. Irin wọlé bí búrẹ́dì. "Ó ti dógùn-ún. Wo táyà iwájú: ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ tán, èkejì ṣì dáa. Ọkọ̀ yìí ti forí sọ nǹkan rí, egungun rẹ̀ wọ́. Bíréèkì ńkọ́? Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí ìdúró, tí o kò gbẹ́sẹ̀, tó sì ń rọra rì, má gbé e kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ eré, ẹni eré ló máa ń rà á. Wọ́n ti sá gbogbo eré inú rẹ̀ tán kó tó kàn ọ́."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀ lánàá, Bàdírù."

"Mo wà níbẹ̀. Ẹran lo fún mi, o ò fún mi ní àyè."

Philomena tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. "Bàbá Yéjídé, bó bá jẹ́ aago ni, ṣé ẹ ò ní ní kó sùn lórí tábìlì ná?"

Oyèdélé lọ bá Olúdáìsí níbi tó ti ń di ẹrù. Ó bi í bóyá ó mọ gbogbo rẹ̀. Olúdáìsí dọ̀bálẹ̀, kò sì sẹ́.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mi ò purọ́ fún yín. Ẹ ò bi mí ni."

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí kòtò tó dákẹ́ fún arìnrìn-àjò, kò tíì bọ́ nínú ẹ̀bi. Olúdáìsí kó lọ sí Kàdúná, kò sì dá kọ́bọ̀ padà.

Ẹ̀yà ọkọ̀ náà kò sí ní Enúgu, Èkó ni wọ́n ti ránṣẹ́ mú un. Àwọn aago tí Oyèdélé ìbá tà ní Kérésìmesì ló bá àtúnṣe lọ. Yéjídé kò rí bàtà tuntun wọ̀. Màmá Obiageli kò sì béèrè ọkọ̀ mọ́, èyí ló dun àna rẹ̀ jù.

Ọjọ́ Àjíǹde ni ọkọ̀ tún gun Òkè Milliken, lẹ́yìn tó ti sùn mọ́jú, tó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Nsukka, àbúrò màmá kò lè fẹsẹ̀ rìn jáde, nítorí náà wọ́n gbé e wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Màmá na ọwọ́ sí iwájú, ó ní kí ọgọ òun máa gbé àwọn yí ìlú ká. Oyèdélé náà kọrin, ó ń gbé wọn lọ.

Ìwọ tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, pàápàá èyí tí wọ́n kọ́ fún eré, bá a nílé rẹ̀ láàárọ̀, kó tó jí. Ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wo èéfín, wo táyà, tẹ bíréèkì. Wo ẹ́ńjìnnì bóyá nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu, kó o sì béèrè bóyá ẹ̀yà rẹ̀ wà nílùú rẹ. Wà á gun òkè kó o tó san owó. Bi ẹni tó ń tà á léèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú rẹ. Lẹ́yìn náà ni kó o pe àáfà àti pásítọ̀. Àdúrà kì í bínú bí a bá ní kó dúró díẹ̀.