Ariwo Wo Ló Ń Gba Etí Wa?

Etí-Ehoro ni wọ́n ń pè é nílé. Kò sí ohun tí etí rẹ̀ kì í gbọ́.

Lónìí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ọjọ́ tí Bàbá máa ń pè ni!

Inú ọkọ̀ ojú omi ni Bàbá ti ń se oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń rí fóònù lò.

Drín! Drín! Gbogbo ilé tẹ́tí sí fóònù ní pálọ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé mi! Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wálé ni…"

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀! Màmá ń fi ẹ̀rọ ránṣọ.

Gbì! Gbì! Bọ́ọ̀lù Ẹ̀gbọ́n ń fò nílẹ̀.

Wúyẹ́-wúyẹ́. Rédíò Màmá Àgbà ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọjọ́ wo ló dá?" ni Màmá wí.

"Èmi ò gbọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Èmi náà ò gbọ́," ni Màmá Àgbà wí.

Háà! Kò sẹ́ni tó gbọ́!

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un sọ!" ni Etí-Ehoro ké.

"Ó ti kan ẹlòmíì láti lo fóònù. Màá tún pè láìpẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré o!"

Etí-Ehoro wò yíká pálọ̀. Ariwo wo ló tún máa gba etí wọn?

"Èyí tó ń pariwo jù ni! Màmá, ẹ dá ẹ̀rọ yín dúró!"

Kẹ̀-kẹ̀… kẹ́. Ó dákẹ́.

"Ùwáà! Ùwáà!" Àbúrò jòjòló tó ń sùn lórí àga jí.

Yéè! Ariwo ẹ̀rọ ló fi ń sùn!

"Ọmọ yìí, o ò ní pa wá!" ni Màmá Àgbà wí fún Etí-Ehoro. Ó pa rédíò, ó gbé Àbúrò. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Àbúrò sùn padà.

Ó yá, Etí-Ehoro fẹ́ dán wọn wò. Ó mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti Bàbá.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀! "Mo fọ ìkòkò mẹ́ta. Kí ni mo wí?"

"Ìkòkò mẹ́ta!" ni gbogbo wọn dáhùn.

Gbì! Gbì! "Mo fọ ṣíbí méje. Kí ni mo wí?"

"Ṣíbí méje!"

Háà! Ẹ̀rọ kọ́. Bọ́ọ̀lù kọ́.

Màmá Àgbà tan rédíò jẹ́jẹ́. "Òjò máa rọ̀ lónìí…" ni rédíò ń wí.

"Mo fọ àwo mẹ́sàn-án. Kí ni mo wí?"

"Òjò!" ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Agboòrùn dà?" ni Màmá wí.

Etí-Ehoro nawọ́ sí rédíò. Rédíò kékeré yìí! Kò pariwo rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bá ọ̀rọ̀ Bàbá jà.

"Rédíò mi kẹ̀?" ni Màmá Àgbà wí. "Èyí tí mo rọra tàn báyìí?"

"Òun gan-an ni, Màmá Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

Ta! Màmá Àgbà pa á. Drín! Drín!

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Gbì. Gbì.

"Lọ́la ni mò ń bọ̀ o!" ni Bàbá wí.

"Lọ́la kẹ̀?!"

Màmá fò sókè. Ẹ̀gbọ́n pariwo. Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àbúrò tún jí. Ùwáà!

"Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ gbọ́ mi?" ni Bàbá ń béèrè.

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gbogbo wọn ti gbọ́.