Páìpù Inú Ìwé Fíṣíìsì

"Ohun tí n ò tíì rí rí ni kẹ́ ẹ mú wá," ni Bàbá Adéwọ̀yìn wí, ó sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gbá pèpéle ilé-ẹ̀kọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Gbogbo wa tò sórí ìlà nínú oòrùn, à ń fi ìwé bojú. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi ta aṣọ ní Àbíjàn kó tó padà wá sílé ní Èjìgbò. Ó ní òun ń kọ́ ọgbà ìṣeré fún àwọn ọmọdé lójú ọ̀nà Ìsúndúnrin. Jangílófà máa wà níbẹ̀, ibi tí ọmọdé ti lè jókòó kó yọ̀ wálẹ̀ máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyè ńlá kan ṣẹ́ kù láàárín ọgbà náà, òun ò sì tíì mọ ohun tí òun máa fi síbẹ̀.

"Mo ti mú àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí irú ọgbà báyìí ní Àbíjàn, mo mú wọn lọ sí ti Ìbàdàn," ó ní. "Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú mi. Ẹ̀yin ọmọ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ronú fún mi. Ẹ yà á sórí ìwé, kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá wù mí jù, òun la máa kọ́. Fuwalà!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín sí fuwalà, èdè Faransé rẹ̀ yẹn, wọ́n sì yíjú wò mí. Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí bàbá mi kú, tí màmá mi fi mí ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà ní Èjìgbò. Ọdún mẹ́fà rèé, Bọ̀ǹjúù, bí àwọn Faransé ṣe ń kí ara wọn, ni wọ́n ṣì ń pè mí. Rùkàyyàt ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ nìkan ló ń rántí bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ láàárọ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ní òbí ní Àbíjàn o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbo ilé ní Èjìgbò tí kò ní èèyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi, kékeré ni wọ́n ti kó wọn wálé. Èmi pẹ́ kí n tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, nígbà tí mo sì máa fi gbọ́ ọ, oníkálukú ti ní ọ̀rẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, mo máa ń lọ jókòó sẹ́yìn yàrá ìwé kíkà wa, màá ya àwòrán títí tí wọ́n á fi tún agogo lù. Ẹnikẹ́ni ò lé mi síbẹ̀. Kò kàn sẹ́ni tó pè mí kúrò níbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Adéwọ̀yìn sọ̀rọ̀ yẹn, mo ti mọ ohun tí mo máa yà kí n tó délé.

Púlọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, Bọ̀dá Bùràímọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìnkùlé wa ló máa ń tẹ́ àwọn páìpù rẹ̀ gígùn sí. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sídìí ọ̀kan nínú wọn, mo sì ń sọ̀rọ̀ sínú ihò rẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Mo ní, "Ebi ń pa mí o." Ìyá Àgbà tó jókòó sí ìkángun kejì, tó ń bó ẹ̀gúsí, tí etí rẹ̀ ti wúwo débi pé a ní láti pariwo kó tó gbọ́ wa, ló gbé orí sókè tó ní, "Ẹ̀bà wà nínú abọ́, lọ jẹun." A jọ la ẹnu sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ tí n kò fẹ́ kí àdúgbò gbọ́, ìdí páìpù là ń lọ.

Ohun tí mo yà sẹ́yìn ìwé Fíṣíìsì mi nìyẹn. Páìpù mẹ́fà, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọgbà náà, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ síta níbi méjì tó jìnnà síra wọn, tí àwọn ẹnu náà sì pòórá sínú òdòdó. Ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín kò ní mọ ẹni tó máa dá a lóhùn lọ́hùn-ún. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ó ní láti dìde kó lọ wá a kiri ọgbà. Mo rò ó pé ọmọ tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ á wọ ibẹ̀, á sì bá ọ̀rẹ́ jáde. Inú mi dùn sí i tó fi jẹ́ pé mo ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a kó ìwé jọ nígbà tí Olúwabùnmi àti Ọmọpẹ́ wá bá mi lẹ́yìn yàrá ìwé. Kò sẹ́ni tí kò mọ Olúwabùnmi nílé-ẹ̀kọ́ wa. Òun ló mọ ijó tó lòde, òun ló mọ ẹni tó ń bá ẹni jà.

"Bọ̀ǹjúù, wọ́n ní o mọ àwòrán yà," ó ní, ó sì jókòó tì mí gbágbá. Ẹnikẹ́ni ò jókòó tì mí báyẹn rí. "Àwa náà fẹ́ mú nǹkan wá fún Bàbá Àbíjàn. Kàtúùnù la fẹ́ kó síbẹ̀. Ológbò búlúù yẹn, ìnàkí onígíláàsì yẹn, gbogbo àwọn tó ń jó lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ò mọ̀ ọ́n yà."

"Èmi náà ti ní tèmi," ni mo wí, mo sì ṣí ìwé Fíṣíìsì mi hàn wọ́n.

Ọmọpẹ́ yí orí ìwé náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Páìpù omi nìyí àbí kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Ojú Olúwabùnmi ò kúrò lára ìwé náà títí mo fi parí.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní òótọ́ ọ̀rọ̀," ó ní. "Ọmọ tó bá rí ológbò búlúù látojú títì ńkọ́, ṣé kò ní sunkún kí ìyá ẹ̀ tó mú un wọlé? Ohun tí ọmọdé bá mọ̀ ló ń fẹ́. Ta ló máa sunkún torí páìpù?"

Ọmọpẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Olúwabùnmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín sí páìpù ara mi.

"Bá wa yà á," ni Olúwabùnmi wí, ó fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwa mẹ́ta la máa kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀. O ti di ara wa nìyẹn."

N kò lè purọ́, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló mú mi. Mo pa ìwé Fíṣíìsì dé.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Àgbà nídìí páìpù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó béèrè pé, "Páìpù wa ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn ọmọdé ò ní fẹ́ ẹ, Ìyá Àgbà."

"Ṣé ẹ ti bi ọmọdé kankan?"

Mo gbé ẹnu kúrò nídìí páìpù. Ó mi orí, ó ní, "Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà," ó sì bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Mo ya ológbò. Mo ya ìnàkí. Mo ya ọmọbìnrin onírun pupa tó ń fò. Àwọn fóònù tí wọ́n nà sí mi lójú ni mo ń wò yà wọ́n, mi ò sì fi nǹkan kan kún un láti inú orí ara mi. Àwòrán náà mọ́lẹ̀ rekete. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Olújídé, olùkọ́ wa, kéde pé àwòrán wa ló wọlé. Olúwabùnmi pariwo, ó dì mọ́ mi níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́.

Fún oṣù kan àtààbọ̀, mo ní ọ̀rẹ́. Àwa mẹ́ta là ń lọ kun ògiri tí wọ́n mọ sí àyè àárín ọgbà náà bí a bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń mú garawa ọ̀dà dání, èmi ń kùn. À ń jẹ gúgúrú, à ń fi olùkọ́ ṣẹ̀fẹ̀ bí a bá ń rìn bọ̀ wálé. Mo tilẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó ijó tó lòde yẹn.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n ṣí ọgbà náà. Ká má purọ́, èrò wá. Wọ́n wá láti Ọlá, wọ́n wá láti Ìsúndúnrin, àwọn ọmọ wọ aṣọ ọdún, wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè ya fọ́tò pẹ̀lú ológbò. Ohun tí Olúwabùnmi sọ ṣẹ. Mo ya fọ́tò ògiri náà, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi lórí wáásáàpù, mo sì ń retí kó pè.

"Ó mà dáa o," ni màmá mi wí nígbà tó pè. "Ṣùgbọ́n ológbò yìí kan náà wà ní ọgbà tó wà nítòsí ilé wa níbí. Èwo gan-an ni tìẹ níbẹ̀, Rùkà?"

"Èmi ni mo kùn ún, Màmá."

"Mo rí i pé o kùn ún. Èwo ni tìẹ?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, kò sì sí àwòrán kankan láti yà mọ́. Olúwabùnmi ò bá mi jà. Ọmọpẹ́ ò bú mi. Bí a bá pàdé, wọ́n á ní, "Bọ̀ǹjúù, báwo ni?" wọ́n á sì kọjá lọ. Àga tí mo ń jókòó sí láàárín wọn ti ní ẹlòmíràn. Mo padà sẹ́yìn yàrá ìwé. Ibẹ̀ wá dá páropáro jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé mo ti mọ bó ṣe ń rí kéèyàn má dá wà. N ò tilẹ̀ lè ya àwòrán mọ́. Màá mú bírò, màá sì fi sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo dá lọ sí ọgbà náà. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ àwa tí a kùn ún. Èrò ti dín kù gan-an. Ológbò dúró lórí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín sí afẹ́fẹ́. Mo gbọ́ ariwo ọmọdé láti ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì lọ wò ó.

Àwọn púlọ́ńbà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti gbàgbé páìpù gígùn kan sínú koríko. Àwọn ọmọ bíi méje ni wọ́n pín sí méjì, àwọn kan wà ní ìdí rẹ̀ lápá ìhín, àwọn yòókù wà lápá ọ̀hún.

"Ìwọ ta nìyẹn?" ni ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ híjáàbù pariwo sínú rẹ̀.

"Kí ló kàn ọ́? Wá wò mí!" ni ohùn kan dáhùn, gbogbo wọn sì ṣubú lu ara wọn fún ẹ̀rín.

Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, Bàbá Adéwọ̀yìn ló jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, tó gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ọmọ oníkàtúùnù, àbí?" Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ náà. "Wò wọ́n. Ó ti lé ní wákàtí kan tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Èyí tó dé sọ́dọ̀ ológbò nínú wọn ya fọ́tò, ó sì sá wá síbí. Irú nǹkan tí mo ní kẹ́ ẹ ronú kàn nìyí. Ìwé mẹ́tàdínlógójì ni olùkọ́ yín kó wá fún mi, kàtúùnù ni gbogbo rẹ̀. Mo kàn mú èyí tí wọ́n yà dáadáa jù ni. Kò sẹ́ni tó mú irú èyí wá."

Mo lè dákẹ́. Mo ti mọ dídákẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹnì kan ronú kàn án, sà."

"Ta ni?"

"Èmi ni. Páìpù mẹ́fà ni mo yà, lábẹ́ ilẹ̀, pẹ̀lú òdòdó lẹ́nu wọn."

Ó gbé àgbọ̀n kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀. "Ibo lo wá gbé e sí?"

"Inú ìwé Fíṣíìsì mi ni, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i."

N kò rí i kó bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, mo jókòó sí pálọ̀ mi látàárọ̀ dọ̀sán, mò ń ṣí ìwé mẹ́tàdínlógójì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí i tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ọmọ kan á wà níbẹ̀ tó dá tirẹ̀ rò. Ìwọ ni mo ń wá nígbà yẹn."

Omi bọ́ lójú mi. Mo béèrè bóyá a ṣì lè ṣe é. Ó ní kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ ọgbà ti gan, owó tí òun fi pamọ́ fún ọgbà náà sì ti tán. Kò ṣèlérí kankan fún mi. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn wálé lọ́jọ́ yẹn, mo sì sunkún títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ dùn, èmi gan-an mọ̀ ọ́n, ebi rẹ̀ ti pa mí rí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá ní kí o fi tìrẹ sílẹ̀ kó tó gbà ọ́, ọwọ́ rẹ ló gbà, kò gba ìwọ. Ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ lè fa èrò wọlé lọ́jọ́ kan, àmọ́ ohun tí èèyàn fara balẹ̀ ronú ló ń dá wọn dúró. Bí ẹ bá ní in, ẹ mú un jáde, kódà bí wọ́n máa fi ṣẹ̀sín. Ẹ̀rín ò fọ́ egungun.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń rò pé kò sẹ́ni tó ń wá mi. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan wá mi lóòótọ́, èmi fúnra mi ni mo fi ara mi pamọ́.