Ilé Tí Kùrukùru Rẹ̀ Kò Sinmi

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kùrukùru funfun fi ń jáde lórí òrùlé Bàbá Adégorítẹ̀ láìdáwọ́ dúró, tí ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn. Ẹ má tíì bínú sí àwọn aládùúgbò. Ní Òkè-Yìnyín, ìlú tí àwọn ènìyàn wa tẹ̀ dó sórí Ayé Kejì, omi a máa dì nínú ife kí ènìyàn tó gbé e dẹ́nu. Ìdí nìyí tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní amúlégbóná, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbígbóná káàkiri inú ògiri, àti ọ̀pá-èémí tó ń tú kùrukùru rẹ̀ síta.

Wọn kì í kan ilẹ̀kùn kíra wọn lówùúrọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á gbójú sókè ni: bí kùrukùru aládùúgbò bá ti ń jáde, ó ti jí ire nìyẹn. Fadérera, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, ló sọ àṣà yìí di ẹ̀rọ. Awòlókèèrè tó ṣe ń ka kùrukùru ilé àwọn àgbà, á sì jíṣẹ́ fún ọmọ wọn tó wà lọ́nà jíjìn: "Ara wọn le." Ìlú kan sáárá sí i. Ọdún mẹ́rin rèé tí òun náà kò ti dé ilé bàbá rẹ̀.

Ìyá Àrẹ̀mú, aládùúgbò Bàbá, ló pè é lórí aago.

"Fadérera, kùrukùru bàbá rẹ kò sinmi o."

"Màmá, omi lásán ni. Bí ooru bá pàdé òtútù, dandan ni kó funfun. Tó bá dúdú ni ẹ̀rù á bà mí."

"Mi ò bi ọ́ ní àwọ̀. Tèmi á ṣe díẹ̀, á sinmi. Kí ló dé tí tiwọn ò sinmi?"

"Awòlókèèrè ní ara wọn le."

"Awòlókèèrè ò lẹ́sẹ̀. Ìwọ lo ní."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ògiri kan ló pín ẹ̀yin àti Bàbá níyà."

"Òrùlé ni mo ń wò," ló wí, ojú sì tì í.

Nígbà náà ni Fadérera tó rò ó dáadáa. Ẹ̀rọ tí kò sinmi, ooru ń jò lọ níbì kan ni. Ilẹ̀kùn ha lè ṣí sílẹ̀ bí, nínú irú òtútù yìí? Ó gbé àpò irinṣẹ́, ó wọ ọkọ̀.

Nígbà tó dé ilé Bàbá, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ilẹ̀kùn iwájú ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá jókòó tì í, ó fi kúbùsù bora, àga òfìfo kan sì wà níwájú rẹ̀. Fadérera bọ́ ìbòjú òtútù kúrò, ó kúnlẹ̀.

Bàbá wò ó títí, ó sì kí i bí ẹni ń kí àlejò. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ wá tún ẹ̀rọ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tilẹ̀kùn. Ọmọ mi ń bọ̀."

Fadérera dìde. Ó jókòó sórí àga òfìfo náà.

Bàbá fọwọ́ tọ́ ọ léjìká jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú," ló wí. "Ènìyàn ló ni ìjókòó yẹn."