Ìyá Tí Wọ́n Ní Kó Má Rẹ́rìn-ín

Ọ̀rọ̀ tí Monílọ́lá kọ́kọ́ bá Ọlọ́rundáre sọ láyé, ìbéèrè ni, ojú gbogbo èrò ló sì ti bi í.

Òmìnira ò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Ọkọ̀ sinimá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dé sí pápá ilé ìwé ní Òrè, wọ́n ta aṣọ funfun sáàárín igi méjì, àwọn ènìyàn sì jókòó sórí ẹní àti àpótí. Iṣẹ́ Ọlọ́rundáre ni láti máa fi Yorùbá sọ ohun tó ń lọ nínú fíìmù, kí ará oko lè gbádùn rẹ̀. Ọmọ Òdígbó ni. Ohùn rẹ̀ dùn, òun náà sì mọ̀ pé ó dùn.

Fíìmù ọjọ́ náà, òyìnbó kan ló lọ yà á ní Íńdíà. Ọlọ́rundáre ti kọ́kọ́ fi fọ́nnu fún èrò pé ó gba ẹ̀bùn ńlá ní ìlú òyìnbó, pé ńṣe làwọn tó wò ó níbẹ̀ ń nu omijé. Ìṣẹ́ ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọmọdé tí èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀, arúgbó tó sùn sẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin kan tó jókòó síwájú ahéré tó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ wo obìnrin yìí," ni Ọlọ́rundáre ń wí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Kò ní nǹkan kan láyé. Kò mọ ohun tó máa jẹ lọ́la."

Ohùn kan jáde láàárín èrò. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ ta ni?"

"Obìnrin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí."

Ọlọ́rundáre wo ìwé tí wọ́n fún un. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. "Wọn ò sọ ọ́," ló dáhùn. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí sinimá parí, ó wá ẹni tó béèrè náà lọ. Ọmọbìnrin dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ká ẹní rẹ̀. Aránṣọ ni ní Òrè, oko Omifunfun làwọn òbí rẹ̀ wà.

"Ìwọ lo fẹ́ dójú tì mí lónìí?" ni Ọlọ́rundáre wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ dójú tì yín o. Obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ò sì sọ ohun tó wí fún wa."

"Èmi náà ò gbọ́ èdè wọn. Ohun tí òyìnbó inú fíìmù wí ni mò ń túmọ̀."

"Òyìnbó yẹn ńkọ́, ṣé òun gbọ́ ọ?"

Ọlọ́rundáre ò mọ̀.

"Mo rí i pé obìnrin yẹn fẹ́ rẹ́rìn-ín," ni Monílọ́lá wí. "Ẹnu rẹ̀ ti ń là bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gé e, wọ́n wá fi màlúù hàn wá." Ó gbé ẹní rẹ̀ sórí, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Ọlọ́rundáre ti wo fíìmù náà títí ó fi sú u, kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbé sinimá náà dé ìlú Àgbàbu, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó rí i. Igun ẹnu obìnrin náà gbé sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ dán, màlúù dé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti kúrò lọ́dọ̀ ọmọ aránṣọ yẹn mọ́.

Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá gba Òrè kọjá, Ọlọ́rundáre á yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ já. Monílọ́lá á rán an, á dá a padà. Ìgbà tó di pé ṣẹ́ẹ̀tì kan náà tún dé, ó gbé e sókè wò.

"Bọ́tìnnì yín yìí kì í já àyàfi tó bá rántí mi."

"Monílọ́lá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀. Bọ́tìnnì ti sọ fún mi tipẹ́."

Ó tẹ orí ba, ó ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìgbà tó tún gbójú sókè, kò pe Ọlọ́rundáre ní "ẹ" mọ́. "Dáre," ló wí jẹ́jẹ́, "má já a mọ́. Máa wá bẹ́ẹ̀."

Ìwó ni Màmúdù, bàbá Monílọ́lá, àti Sàádátù, ìyá rẹ̀, ti wá dáko kòkó sí Omifunfun. Ilẹ̀ àwọn ará Òdígbó ni wọ́n ń dá, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìmàle ni wọ́n. Sàádátù fẹ́ràn Ọlọ́rundáre lójú ẹsẹ̀, nítorí obìnrin tó ń dápàárá ni, ó sì ti rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Bí Ọlọ́rundáre bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, á pariwo pé, "Màmúdù, tọ́jú ẹran inú ọbẹ̀ rẹ o, àna rẹ ti dé!"

Ṣùgbọ́n Abraham, bàbá Ọlọ́rundáre, kò fẹ́ gbọ́ ọ. Àgbà ilé àdúrà Aládùúrà ni ní Òdígbó, ara ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ sì ni Màmúdù ń dá.

"Ọmọ alágbàro?" ni Abraham wí. "Àwọn tó wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ wa? Tí wọ́n tún jẹ́ ìmàle? Dáre, n kò bímọ kó lọ fẹ́yàwó lábẹ́ igi kòkó mi."

Ọlọ́rundáre ò lè dá bàbá rẹ̀ lóhùn, kò sì lè fi Monílọ́lá sílẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá dènìyàn ńlá, ẹnu bàbá òun á rọ̀.

Àfi bí ẹni pé ọ̀nà là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òyìnbó kan dé, tó fẹ́ ya fíìmù àwọn àgbẹ̀ inú igbó. Ó ti wo fíìmù Íńdíà yẹn, irú rẹ̀ gan-an ló sì fẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí Ọlọ́rundáre máa ṣe ògbufọ̀ fún un. "Bí iṣẹ́ yìí bá dára," ni òyìnbó náà wí, "màá mú ọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wàá lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù."

Orí Ọlọ́rundáre wú. Ilé ta ni yóò kọ́kọ́ mú un lọ bí kò ṣe ilé àna rẹ̀?

Sàádátù gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Ó wẹ̀, ó ró aṣọ òkè tí wọ́n fi gbé e níyàwó, ó wé gèlè. Màmúdù nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó gbé rédíò sórí tábìlì ní ìta. Ilé wọn ò tóbi, ṣùgbọ́n páànù ni wọ́n fi bò ó, òógùn wọn sì ni.

Òyìnbó náà wo gbogbo rẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fa Ọlọ́rundáre sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èyí kọ́ ni mo ń wá. Ní kó lọ wọ aṣọ oko. Kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ àti rédíò yẹn kúrò." Ó nawọ́ sí ilé ewúrẹ́ tí koríko orí rẹ̀ ti wó lẹ́yìnkùlé. "Ibẹ̀ yẹn ni kó jókòó sí."

Ara Ọlọ́rundáre tutù. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, kí ni Màmúdù àti ìyàwó rẹ̀ lè wí sí i? Ó fi ohùn dídùn rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. "Màmá, wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wọ aṣọ oko."

Sàádátù wò ó. "Ṣé aṣọ yìí ò dáa ni, ọmọ mi?"

"Ó dáa, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Nítorí pé òun ló sọ ọ́, Sàádátù lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó jókòó síwájú ilé ewúrẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi pa á lẹ́rìn-ín. "Màmúdù, mo ti di ewúrẹ́ rẹ lónìí o! Bá mi wá èèpo iṣu!" Ó rẹ́rìn-ín kàkàkà, Màmúdù náà bá a rín in. Òyìnbó gbọ́wọ́ sókè, ó mi orí.

"Màmá," ni Ọlọ́rundáre wí, "ẹ má rẹ́rìn-ín."

Sàádátù pa ẹnu dé. Ó wo Ọlọ́rundáre bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì wolẹ̀. Kámẹ́rà ń dún lọ.

Bí Monílọ́lá ṣe ti Òrè dé nìyẹn, ó wá kí àwọn òbí rẹ̀. Kò pariwo. Ó gba iwájú kámẹ́rà kọjá, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Màmá mi, ẹ dìde." Nígbà tí Sàádátù dìde tán, Monílọ́lá kọjú sí Ọlọ́rundáre.

"Ṣé ẹ sọ orúkọ ìyá mi fún un?"

Ọlọ́rundáre gbọ́ "ẹ" yẹn, ó sì mọ̀ pé òun ti di àlejò. "Lọ́lá mi, jọ̀ọ́..."

"Ṣé ó béèrè?"

"Kò béèrè."

"Ẹ má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Ọlọ́rundáre tọ òyìnbó náà lọ sí ilé àlejò ìjọba tó dé sí, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má lo apá ti Sàádátù. Òyìnbó náà kì í ṣe ìkà. Ó ní kó jókòó. "Àwọn tó wo fíìmù Íńdíà yẹn dáwó," ló wí. "Wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn. Bí wọn ò bá sunkún, wọn ò ní ṣèrànwọ́."

"Obìnrin tó jókòó síwájú ahéré ńkọ́? Ṣé wọ́n fi fíìmù náà hàn án?"

Òyìnbó náà ronú. "N kò mọ̀," ló wí, òótọ́ ló sì sọ. "Ṣùgbọ́n àwòrán ìyá yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà. N kò lè yọ ọ́. Ìwọ ṣáà múra Lọ́ńdọ̀nù."

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò ní lè bá yín lọ."

Ó jáde. Òyìnbó náà kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó gbé àwòrán Sàádátù lọ nínú kámẹ́rà rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ọlọ́rundáre padà sí Òdígbó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ń retí pé bàbá náà á ní ọ̀rọ̀ Monílọ́lá ti parí nìyẹn.

"Nígbà tí o ní kí ìyá náà lọ bọ́ aṣọ rẹ̀," ni Abraham wí, "kí ló wà lọ́kàn rẹ?"

Ojú ti Ọlọ́rundáre. "Mo rò pé kò sí ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe, Bàbá. Mo rò pé... alágbàro ṣáà ni wọ́n."

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Abraham ò dúró gbọ́ èsì.

"Èmi ni," ni Abraham wí. "Ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Mò ń gbààwẹ̀ fún tálákà, mò ń kúnlẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá sì gbé ìṣákọ́lẹ̀ dé, ìta ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n dúró sí, nínú oòrùn. Dáre, òyìnbó yẹn ò ṣe ju ohun tí mò ń ṣe lọ. Tèmi ò kàn ní kámẹ́rà ni." Ó dìde. "Lọ wẹ̀. Bó bá di àárọ̀, a jọ ń lọ sí Omifunfun."

Nígbà tí Màmúdù rí onílẹ̀ tó ń bọ̀ nínú aṣọ funfun, ẹ̀rù bà á. Ó sáré gbé àga. "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ilẹ̀ ni? Ṣé ẹ fẹ́ gbà á ni?"

"Kì í ṣe ilẹ̀," ni Abraham wí. Ó ṣí fìlà. Ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí Màmúdù tó fò mọ́ ọn, tó dì í mú. "Ẹ jẹ́ n bẹ̀ yín. Ọmọ mi rí yín fín, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kọ́ ọ."

Ọlọ́rundáre ti nà gbalaja sílẹ̀ níwájú Sàádátù.

"Ó dùn mí," ni ìyá náà wí. "N ò ní purọ́ fún ọ. Aṣọ tí o ní kí n bọ́ ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ara mi, nínú ilé mi, o ní kí n gbé e mì." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Dìde. Ọmọ tó bá ṣe ibi tó mọ̀ pé òun ṣe é, ọmọ ẹni ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni o fẹ́ fẹ́. Òun ló wà lábẹ́ kòkó lọ́hùn-ún."

Monílọ́lá ń kó èso kòkó jọ. Kò gbójú sókè.

"Fíìmù náà ti lọ," ni Ọlọ́rundáre wí. "Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà."

"Mo ti gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin náà ò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Ṣé nítorí mi ni?"

"Rárá."

Monílọ́lá gbójú sókè.

"Bí o bá lé mi lọ lónìí, n ò ní lọ náà," ni Ọlọ́rundáre wí. "N ò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá ẹnikẹ́ni."

Bó bá ti ní nítorí rẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí Monílọ́lá ti lé e. "Rárá" yẹn ló mú un lọ́kàn. Ó ju èso kòkó kan sórí òkìtì.

"Inú mi ò tíì yọ́ tán o."

"Màá dúró, ẹyinjú mi."

"Má dúró," ni Monílọ́lá wí. "Tẹ̀ ba, kó o máa bá mi kó kòkó."

"Kó o" ló wí, kò ní "kí ẹ" mọ́. Ọlọ́rundáre gbọ́ ọ, omi sì lé sí i lójú.

Nígbà tí wọ́n tún ká kòkó tuntun ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ààfáà láti Ìwó ṣàdúrà, Abraham náà ṣe tirẹ̀, Sàádátù sì ní kí ẹlòmíràn tún wá ṣe, pé àdúrà kì í pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ìyàwó lọ sí Òdígbó, òjò rọ̀. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ̀lú, gbogbo wọn bá sọ̀ kalẹ̀. Kí ọkọ ìyàwó tó yí padà, Abraham ti gbé àpótí aṣọ Monílọ́lá, ó ti gbé e karí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi," ni Monílọ́lá ń wí, ó ń sáré tẹ̀lé e nínú ẹrẹ̀.

"Ìyàwó kì í ru ẹrù ara rẹ̀ wọlé wa. Máa bọ̀ jẹ́jẹ́."

Àwọn ará Òdígbó jáde síta. Wọn ò rí i rí kí àgbà ilé àdúrà ru nǹkan kankan. Ìyá arúgbó kan ké sí i láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Dáre, ẹrù ta lẹ rù yẹn?"

Abraham dúró ní àárín títì. Ó fi ọwọ́ kan di àpótí mú lórí, ó fi èkejì fa Monílọ́lá sún mọ́ra, kí gbogbo ènìyàn lè rí i dáadáa.

"Ẹrù ọmọ mi ni," ló dáhùn. "Monílọ́lá lorúkọ rẹ̀. Màmúdù àti Sàádátù, àwọn àna mi ní Omifunfun, ni wọ́n bí i."