Bí Odò Bá Pàwọ̀ Dà

Ó ti pẹ́ tí ọkàn aránṣọ kan ti ń fà sí omi tó ń dà látorí àpáta nínú igbó ńlá. Ọkọ rẹ̀ ló fi sí i lọ́kàn. Awakọ̀ ni ọkùnrin náà, igi gẹdú ló ń kó. Nígbàkigbà tó bá ti ibẹ̀ dé, á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, á máa ròyìn bí omi náà ṣe ń bọ́ lé èèyàn lórí, bí ẹni pé wọ́n ń rọra tẹ èèyàn léjìká. "A jọ máa lọ ni," ló máa ń sọ. Ikú ò jẹ́ kí wọ́n jọ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò obìnrin náà tó ń ṣe káfíńtà ní àwọn kan ń mú èèyàn lọ sínú igbó náà láàárọ̀, tí wọ́n á sì kó wọn padà nírọ̀lẹ́, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi gbà.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í pariwo ni afinimọ̀nà wọn. Ó kọ́kọ́ bi kálukú bóyá ara rẹ̀ le. Ó de akoto mọ́ wọn lórí, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa bẹ́líìtì oníkálukú wò, kó tó so wọ́n mọ́ okùn irin tí wọ́n ta láti orí igi kan dé òmíràn, èyí tí wọ́n á fi yọ̀ lọ lókè igbó. Káfíńtà tó ti ń fọ́nnu látàárọ̀ dijú títí ó fi gúnlẹ̀. Aránṣọ la ojú tirẹ̀ sílẹ̀. Láti òkè yẹn ló ti rí omi náà, funfun báláú, ó sì ń wò ó títí ewé fi bò ó mọ́ ọn lójú.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, wọ́n wọ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó. Oòrùn ń ràn, omi mọ́ gaara. Aránṣọ rọra ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi tí omi ti ń dà. Ó kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni afinimọ̀nà fun fèrè, ó ní kí gbogbo wọn jáde, kí wọ́n gun òkè.

Àwọn yòókù jáde. Aránṣọ dúró, ó fẹ̀yìn ti àpáta kan nínú omi.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kàn gbé orí sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọkọ mi ni..." Kò lè parí rẹ̀.

Káfíńtà gbè é lẹ́yìn, ó ní òjò wo ló ń rọ̀ tí wọ́n fi ń lé àwọn jáde.

Afinimọ̀nà wọ inú omi wá, ó di ìyá náà lọ́wọ́ mú. "Mọ́mì, ẹ wo omi yìí. Ó mọ́ nígbà tí a dé. Ó ti ń pọ́n báyìí, ewé àti ẹ̀ka igi sì ń bá a bọ̀. Òjò ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Kò dìgbà tó bá rọ̀ síbi tí a wà kí odò tó kún. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọn ò tíì fìdí kalẹ̀ lókè tí wọ́n fi gbọ́ ariwo. Omi pupa ya dé, ó gbé ìtì igi ńlá dání, ó sì bo àpáta tí aránṣọ fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kan. Káfíńtà fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra.

Aránṣọ sunkún, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rù. Ó ní díẹ̀ ló kù kí òun fara kan ohun tó kan ọkọ òun lára. Afinimọ̀nà ò ní kó má sunkún. Ó jókòó tì í títí ó fi dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní kó padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ pe àwọn kó tó kúrò nílé.

Aránṣọ ṣì ń retí ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ń ró lórí páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó máa ń dá ẹ̀rọ dúró, á kàn máa tẹ́tí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìgbádùn ò burú. Àmọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ wádìí bóyá ẹni tó ń mú yín lọ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi àìsàn pamọ́ fún un. Ẹ má gun okùn tí wọn ò bá yẹ bẹ́líìtì yín wò. Bí odò bá pàwọ̀ dà, tó ń gbé pàǹtí bọ̀, tàbí tí ariwo rẹ̀ le sí i, ẹ jáde kíá, ẹ gun òkè, ẹ má dúró kó ẹrù. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ jáde, ẹ má bá wọn jiyàn. Ó dun aránṣọ pé kò fara kan omi náà, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ó dun òun.