Tíṣà Kamilah Ti Sùn Lọ

Kamilah jí láàárọ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ pupa kan àti ìbọ̀sẹ̀ búlúù kan. Ó sáré lọ sójú fèrèsé.

Òjò ń rọ̀ wìnnì-wìnnì. Àwọn ọmọ àdúgbò ń lọ sílé-ìwé. Báàgì wà lẹ́yìn wọn. Bàtà wọn ń dún nínú omi.

Ṣàpà, ṣàpà, ṣàpà.

Kamilah kò bá wọn lọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ lọ. Ilé-ìwé ló kún.

Ilé-ìwé tó wà nítòsí kún. Èyí tó wà lẹ́yìn pápá kún. Èyí tó wà lójú títì ńlá náà kún.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Kamilah. Blanchardstown ni òun, Mọ́mì àti Dádì ń gbé, ní Dublin. Lásìkò yẹn, ilé tuntun ń hù bí olú níbẹ̀. Kéréènì gíga-gíga ń yí lókè. Katakata ń walẹ̀ nísàlẹ̀.

Gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn.

Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kò tó.

"Ṣé mi ò ní kàwé ni?" Kamilah bi Mọ́mì.

"Wàá kàwé," ni Mọ́mì wí. Ó fi ọwọ́ pa á lórí. "A máa kọ́ ẹ nílé, títí àyè á fi yọ."

Ta ló máa kọ́ ọ?

Mọ́mì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láràárọ̀. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Dádì ń ṣiṣẹ́ ní Damastown lóru. Ó ń gbé páálí sínú ọkọ̀ ńlá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á padà sílé.

"Èmi ni mo máa wà nílé láàárọ̀," ni Dádì wí. "Èmi ni màá jẹ́ tíṣà ẹ."

Inú Kamilah dùn. Ó fò sókè, gbì. Ó tún fò sókè, gbì.

Tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun di tábìlì ilé-ìwé. Ìwé wà níbẹ̀. Pẹ́ńsù wà níbẹ̀. Kamilah jókòó. Dádì náà jókòó.

"Bísímílláhì," ni Dádì wí.

"Bísímílláhì," ni Kamilah wí.

"A," ni Dádì wí. "A, ajá."

"A, ajá."

"B. B, bàtà."

"B, bàtà."

"O káre. Èyí tó tẹ̀ lé e ni..."

Dádì yán. Hàà-à-à.

Orí Dádì tẹ̀ síwájú. Orí Dádì tẹ̀ sẹ́yìn. Ojú Dádì ń pa dé, díẹ̀díẹ̀.

"Èyí tó tẹ̀ lé e... ni..."

Họ̀ọ̀n... fùùù.

Tíṣà ti sùn lọ.

"Dádì?" ni Kamilah wí.

Họ̀ọ̀n... fùùù.

Kamilah wo ojú bàbá rẹ̀. Eruku páálí wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Gbogbo òru ló ti fi ń gbé ẹrù.

Kamilah sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Ó yọ́ rìn.

Kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́.

Ó mú jákẹ́ẹ̀tì Dádì. Ó fi bò ó léjìká. Ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ó kọ B. Ó tún kọ B. Ó kọ B títí ojú ìwé fi kún.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, kọ́kọ́rọ́ Mọ́mì dún lẹ́nu ọ̀nà. Kírí. Dádì ta jí.

"Kamilah mi, kí lo kọ́ lónìí?" ni Mọ́mì bèèrè.

"B, bàtà," ni Kamilah wí.

"O káre," ni Mọ́mì wí.

Lọ́jọ́ kejì, Kamilah jókòó. Dádì jókòó.

"Bísímílláhì."

"Bísímílláhì."

"A, ajá."

"A, ajá."

"B, bàtà."

"B, bàtà."

"Èyí tó tẹ̀ lé e..."

Họ̀ọ̀n... fùùù.

Kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́. Kamilah fi jákẹ́ẹ̀tì bo Dádì.

Ó kọ B ńlá. Ó kọ B kékeré. Ó kọ B kan tó ní ojú, imú àti ẹnu.

Kírí. Mọ́mì dé.

"Kí lo kọ́ lónìí?"

"B, bàtà," ni Kamilah wí.

"Ẹn-ẹ́n," ni Mọ́mì wí.

Lọ́jọ́ kẹta, Dádì tiẹ̀ bu omi sójú. Ó mu tíì tó gbóná. Ó dìde dúró kọ́ Kamilah, kí oorun má baà rí i mú.

"A, ajá. B, bàtà. Èyí tó..."

Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Họ̀ọ̀n... fùùù.

Àṣé èèyàn lè sùn lóòró.

Nígbà tí Mọ́mì dé, ó jókòó ti Kamilah. Ó ṣí ìwé. B, B, B, B, B.

"B níjẹta," ni Mọ́mì wí. "B lánàá. B lónìí. Kamilah, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Kamilah wo ilẹ̀. Tó bá sọ ọ́, Mọ́mì lè bá Dádì wí. Tí kò bá sọ ọ́, irọ́ nìyẹn.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Tó, tó, tó.

"Dádì ò ṣe nǹkan kan," ló wí. "Ó rẹ̀ wọ́n ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn wí."

Dádì gbé Kamilah sí orí itan rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi ń bò mí láṣìírí," ni Dádì wí. "Mọ́mì Kamilah, oorun ló ń gbé mi lọ. Mo ní màá kọ́ ọ. Mi ò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan."

Mọ́mì kò bínú. Ó di ọwọ́ Dádì mú.

"Ara kì í ṣe òkúta," ni Mọ́mì wí. "Ẹ jẹ́ ká ronú sí i."

Wọ́n ronú.

"Ṣé kí n fi iṣẹ́ òru sílẹ̀?" ni Dádì bèèrè.

"Òun la fi ń jẹun," ni Mọ́mì wí. "Àbí kí n fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀?"

"Rárá o," ni Dádì wí. "O ti ṣe é, o ti dé ìdajì."

Mọ́mì mí kanlẹ̀. Hùn-ùn.

"Ilé-ìwé kan ṣì ní àyè," ló wí. "Àárín ìlú ló wà. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Kamilah á máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́."

Kamilah ro bọ́ọ̀sì kìíní. Ó ro bọ́ọ̀sì kejì.

Kò fẹ́ bọ́ọ̀sì kìíní. Kò fẹ́ bọ́ọ̀sì kejì. Tíṣà rẹ̀ ló fẹ́.

Ó yíjú sí Dádì. "Dádì, ìgbà wo ni oorun máa ń dá lójú yín?"

"Tí mo bá ti sùn dáadáa," ni Dádì wí. "Tí ọ̀sán bá ti yẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká máa ṣe ilé-ìwé nígbà yẹn."

Dádì fọwọ́ họ irùngbọ̀n.

"Àárọ̀ làwọn èèyàn ń lọ sílé-ìwé," ni Dádì wí.

"Tiwọn nìyẹn," ni Kamilah wí. "Ṣebí ilé wa ni tiwa wà."

Mọ́mì wo Dádì. Dádì wo Mọ́mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀, a ò rí i," ni Dádì wí.

Ṣùgbọ́n Mọ́mì tún ronú. "Tí Dádì bá ń sùn láàárọ̀, ta ló máa wà pẹ̀lú ẹ?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, igbe ọmọ dún láti ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri.

Ìyáà, ìyáà, ìyáà.

Iman ni. Ọmọ Àǹtí Tòún ni Iman. Ilé wọn àti ilé Kamilah so pọ̀, ògiri kan ló wà láàárín.

Kamilah na ìka sí ògiri. Mọ́mì mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn.

Kọ́, kọ́, kọ́.

Àǹtí Tòún ṣílẹ̀kùn. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Iman ń ké lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Àǹtí Tòún," ni Kamilah wí, ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ bojú. Ó ṣí ojú. "Mo rí ẹ."

Iman dákẹ́. Iman rẹ́rìn-ín. Kẹ́-kẹ́-kẹ́.

Mọ́mì rò ó fún Àǹtí Tòún. Àǹtí Tòún kò jẹ́ kó rò ó tán.

"Ẹ mú un wá," ló wí. "Mi ò tíì fọ àwo kan látàárọ̀. Tó bá ń bá Iman ṣeré, màá rí ọwọ́ ṣiṣẹ́."

"Èmi náà á máa gba Iman lọ́jọ́ Sátidé," ni Mọ́mì wí. "Ẹ̀yin náà á lè sinmi."

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Dádì ti ibi iṣẹ́ dé. Kò jókòó sídìí tábìlì. Orí bẹ́ẹ̀dì ló lọ tààrà. Ó sùn fọnfọn.

Kamilah wà lọ́dọ̀ Iman. Wọ́n to ike. Wọ́n wó ike. Gbàràgàdà. Wọ́n tún un tò.

Nígbà tí ọ̀sán yẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Wọ́n ń wọ́ báàgì nílẹ̀. Kamilah gbé ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń lọ sílé.

Délé rí i. Òdìkejì títì ni ilé Délé wà.

"Níbo lò ń lọ?" ni Délé bèèrè.

"Ilé-ìwé."

"Ilé-ìwé ti pa dé."

"Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni," ni Kamilah wí.

Délé la ẹnu sílẹ̀.

Nínú ilé, Dádì ti wẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Bísímílláhì."

"Bísímílláhì."

"A, ajá."

"A, ajá."

"B, bàtà."

"B, bàtà."

Kamilah ń retí. Ó ń wo ẹnu Dádì. Dádì kò yán. Orí Dádì kò tẹ̀ síbì kankan.

"Èyí tó tẹ̀ lé e ni D," ni Dádì wí. "D, Dádì."

Kamilah wo D. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú.

"Ó ní ikùn bíi tiyín," ló wí.

Dádì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n kọ D. Wọ́n ka pòtétò tí Mọ́mì fẹ́ sè. Wọ́n ka ìwé ẹja kan. Ilẹ̀ ṣú, Kamilah kò mọ̀.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Kamilah mọ E. Ó mọ Ẹ. Ó mọ I àti N àti S àti U. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníléẹ́tà mú àpò kékeré kan wá. Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

Tìn-ìn-rìn-ìn-ìn.

Dádì fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Oorun dá. Kò rí i sùn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Dádì tún yán. Hàà-à-à.

Kamilah rí i. Ó mú ìwé funfun kan. Ó mú pẹ́ńsù. Ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń pè é. Ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́.

DÁDÌ Ń SÙN.

Lábẹ́ rẹ̀, ó ya bẹ́ẹ̀dì kan. Ó ya ọkùnrin kan sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ya irùngbọ̀n fún un. Ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà.

Mọ́mì bá a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìta.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kamilah gbé Iman lọ sójú fèrèsé Àǹtí Tòún. Wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà.

Oníléẹ́tà ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó na ìka sí aago.

Kamilah kò mí.

Oníléẹ́tà rí ìwé. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbé orí sọ́tùn-ún. Ó gbé orí sósì. Ó wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wo irùngbọ̀n. Ó wo ẹnu gbàgà náà.

Ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí Kamilah lójú fèrèsé. Ó fi ìka lé ètè. Ó ti léẹ́tà sínú ihò ilẹ̀kùn láìdún. Ó yọ́ rìn padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́.

Kamilah sáré lọ sídìí ògiri. Ó fi etí lé e. Iman náà fi etí lé e.

Họ̀ọ̀n... fùùù.